Kò Sí Kọ̀ntẹ́nà Nínú Kernel

Ẹ tú kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, palẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ò ní bá ohun kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ kọ̀ntẹ́nà. Ẹ ó bá process, ìyẹn prógíráàmù tó ti gbéra iṣẹ́. Ẹ ó bá namespace, tó ń pinnu ohun tí process lè rí, oríṣi mẹ́jọ. Ẹ ó bá cgroup, agbo tí a ń kó process sí láti díwọ̀n ohun tí wọ́n lè lò. Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní kọ̀ntẹ́nà lórí kọ̀ǹpútà lónìí, àwọn prógíráàmù tó wà lókè kernel ló ń ṣa àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ, tí wọ́n ń so wọ́n pọ̀, tí wọ́n wá ń pe àsopọ̀ náà lórúkọ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kà á nínú ìwé lè rò pé àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lásán ni. Èmi, oorun òru ni mo fi san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ọ̀bà-Àkókó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lójú títì tó ti Ọ̀wọ̀ wá, tó ń gba Àkùngbá lọ sí Ìkàrẹ́. Yunifásítì Adékúnlé Ajásin tó wà ní Àkùngbá, ìtòsí wa níbí, ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń di ẹrù lọ sí Èkó, èmi ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó lágbára díẹ̀, mo fi Linux sí i, mo so sólà àti bátìrì mọ́ ọn nítorí ọ̀rọ̀ iná, mo wá ń bá àwọn èèyàn agbègbè yìí tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn: ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, èsì ìdánwò ilé-ìwé, orúkọ àwọn ọmọ ìjọ, fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB. Mẹ́mórì kọ̀ǹpútà yẹn, tó di sáfà (server) mi, kò ju 8GB lọ. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí 8GB kò bá tó á ra òmíràn. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó ní 8GB gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń pín in. Ká ní mo lówó ni, mi ò bá tí mọ cgroup rárá.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo wà fúnra rẹ̀, kọ̀ntẹ́nà ni: èyí onírin tí wọ́n fi kó ẹrù wọ Àpápá, tí wọ́n gbé wá sókè níbí, tí wẹ́dà gé fèrèsé sí lára. Nítorí náà, tí mo bá sọ fún oníbàárà pé inú kọ̀ntẹ́nà tirẹ̀ ni ìwé rẹ̀ wà lórí sáfà mi, ó yé e lójú ẹsẹ̀. Irin yí i ká, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, ẹrù ẹnìkan kò lè kún dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ẹni tó wà nínú kò sì rí ẹni tó wà níta. Iṣẹ́ mẹ́ta ni irin yẹn ń ṣe pa pọ̀: ó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, ó ń díwọ̀n nǹkan, ó ń dènà olè. Nínú Linux, ẹni ọ̀tọ̀ ló ṣe ìkọ̀ọ̀kan àwọn iṣẹ́ yẹn, ọdún ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ṣe é. O lè ní ọ̀kan kí o má ní èkejì. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dé bá.

Ìparí oṣù ni wọ́n máa ń ṣírò èlé àti ìpín èrè àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, prógíráàmù wọn á máa lọ jẹ́jẹ́. Tí ọjọ́ ìṣirò bá ti pé, á ṣubú láàárín iṣẹ́. Bàbá akápò á wá pè mí lórí fóònù. "Ìyá Ìbejì, ìwé wa mà tún ti dákẹ́ o. Àwọn èèyàn ti jókòó sílẹ̀ dè wá." Èmi náà á ní, "Ẹ máà bínú, Bàbá. Mò ń wò ó báyìí." Mo wọ inú kọ̀ntẹ́nà wọn, mo tẹ `free -m`. Ó ní mẹ́mórì tó lé ní 7,000MB ló wà, ìdajì rẹ̀ kò sì tíì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ta ló wá pa prógíráàmù tó ní àyè tó tó báyẹn?

Nọ́ńbà tó fi sílẹ̀ nígbà tó kú ni 137. Ẹni tó ti bá Linux gbé mọ nọ́ńbà yẹn: 128, pẹ̀lú 9 lórí rẹ̀. 9 ni àmì SIGKILL, èyí tí process kankan kò lè kọ̀, tí kò sì ní ráyè dágbére fún ẹnikẹ́ni. Èmi kò fi ránṣẹ́, ẹgbẹ́ kò fi ránṣẹ́. Mo jáde kúrò nínú kọ̀ntẹ́nà, mo tẹ `dmesg` lórí sáfà gan-an, ó sì wà níbẹ̀ kedere: Memory cgroup out of memory, Killed process, orúkọ Java, tí wọ́n fi kọ prógíráàmù ẹgbẹ́, lẹ́yìn rẹ̀. Kernel fúnra rẹ̀ ló pa á. Gbèdéke 512MB ni cgroup wọn ní láti ọjọ́ tí mo ti gbé e kalẹ̀, Java sì ti kọjá rẹ̀.

Java kò rí gbèdéke náà ni. Fáìlì `/proc/meminfo` ni `free` ń kà, fáìlì yẹn sì ń sọ ti gbogbo sáfà, ibi yòówù kí o ti kà á. Bí Java náà ti ń ṣe láyé ìgbà yẹn nìyẹn: tí kò bá sí ẹni tó sọ òdiwọ̀n fún un, á wo mẹ́mórì ẹ̀rọ, á sì ka ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sí tara rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin 8GB jẹ́ 2GB. Agbo tó wà kò ní ju 512MB lọ. Ní ọjọ́ lásán, iṣẹ́ kò pọ̀ tó láti fi ìyàtọ̀ náà hàn. Ní ọjọ́ ìpín èrè, ó hàn. Ọdún 2018, nígbà tí Java 10 jáde, ni Java tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ lọ wo fáìlì cgroup kó tó bu mẹ́mórì, Java 8 tí ọ̀pọ̀ wa ń lò náà sì rí i gbà kí ọdún yẹn tó parí. Èyí tó wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ti ṣáájú ìyẹn. Mo fọwọ́ ara mi kọ òdiwọ̀n fún un, `-Xmx`, mo sì gbé gbèdéke cgroup ga díẹ̀. Ìpín èrè tó tẹ̀ lé e lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àtúnṣe yẹn kò gba àkókò. Ohun tó gba àkókò ni kí n mọ ìdí tí ẹ̀yà kan nínú kernel yóò fi fún prógíráàmù ní 512MB, tí ẹ̀yà mìíràn yóò sì jẹ́ kó máa rí 8GB. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé ẹnìkan gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Mo bá ọ̀rọ̀ náà lọ sẹ́yìn títí mo fi dé ibi tó ti ṣẹ̀, mo sì rí i pé kò sẹ́ni tó gbàgbé ohunkóhun.

Ní 2006, àwọn ẹnjiníà méjì ní Google, Paul Menage àti Rohit Seth, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní process containers. Ìṣòro tèmi gan-an ni wọ́n ní, àfi pé tiwọn pọ̀ kọjá kíkà: ẹ̀rọ rẹpẹtẹ, oríṣiríṣi iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan, iṣẹ́ kan kò sì gbọ́dọ̀ jẹ ìpín èkejì mọ́ tirẹ̀. Linux ti ní ohun kan tó jọ ọ́. cpuset ni, èyí tí Simon Derr ti ilé-iṣẹ́ Bull àti Paul Jackson ti SGI ṣe, tó wọ Linux 2.6.12 ní 2005 fún àwọn kọ̀ǹpútà gìrìwò tó ní CPU rẹpẹtẹ. cpuset mọ bí a ti ń kó process jọ sí agbo, ó sì mọ bí a ti ń sọ CPU tí agbo kọ̀ọ̀kan lè lò. Menage wò ó, ó rí i pé iṣẹ́ méjì ni ìyẹn. Ó yọ kíkójọ sọ́tọ̀, ó jẹ́ kó dá dúró, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun kan láti díwọ̀n lè wá so tirẹ̀ mọ́ ọn. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ díwọ̀n mẹ́mórì kò tún ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ti ń kó process jọ. Balbir Singh ti IBM àti Pavel Emelyanov ti OpenVZ so ti mẹ́mórì mọ́ ọn, ó wọlé ní 2.6.25, ọdún 2008. Ní 2015, Aleksa Sarai so èyí tó ń ka iye process mọ́ ọn, kí prógíráàmù kan má baà máa bí ọmọ títí ẹ̀rọ yóò fi kú. Ọdún méje ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ibi kíkójọ kan náà ni wọ́n sì so tiwọn mọ́.

Orúkọ ló wá di wàhálà. Ilé-iṣẹ́ Sun ti ń ta Solaris 10 láti 2005 pẹ̀lú ohun tí wọ́n pè ní Solaris Containers, odindi sì ni tiwọn: fáìlì tirẹ̀, aṣàmúlò tirẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀. Àwọn OpenVZ àti Linux-VServer ń kọ́ irú odindi bẹ́ẹ̀ fún Linux. Nígbà náà, tí ẹnìkan bá ti pe container láàárín àwọn tó ń ṣe kernel, o ní láti kọ́kọ́ bi í léèrè èyí tó ń wí. Ti Menage kò bo ohunkóhun mọ́lẹ̀, kò sì dènà olè. Agbo àti òdiwọ̀n nìkan ló ní. Ní ìparí 2007 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí control groups, cgroup ní kúkúrú. Oṣù kìn-ín-ní 2008 ni Linux 2.6.24 jáde pẹ̀lú rẹ̀.

Ọmọ Àkókó tó bá ti gbé Èkó mọ irú ìdààmú tí wọ́n sá fún yẹn. Wọn á ní, "O ò ṣe sọ èdè Àkókó ká gbọ́?" Àkókó wo? Ohun tí à ń sọ ní Ọ̀bà yàtọ̀ sí ti Àrìgìdì; àwọn ará Auga ní Ukaan tiwọn, tí ọmọ Ọ̀kà kò lè gbọ́ àyàfi tó bá gbé ibẹ̀; àwọn kan sì wà nínú Àkókó kan náà tí èdè wọn bá ti Ẹdó tan. Ẹni tó wà lókèèrè gbọ́ orúkọ kan, ó rò pé ohun kan ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Control group kò dùn lẹ́nu. Tí o bá fi polówó ọjà, kò ní tà. Àmọ́ ó sọ ohun tó ń ṣe, agbo àti ìkáwọ́, kò sì ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní orúkọ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó gbọ́ kọ̀ntẹ́nà, mi ò bá tí retí pé kó bo `/proc/meminfo` mọ́lẹ̀. Kí ló kan agbo nínú ohun tí ojú ń rí? Iṣẹ́ namespace nìyẹn, kò sì sí namespace kankan fún mẹ́mórì títí di òní. Wọ́n ti kọ́ lxcfs láti fi dí ihò náà: á jókòó sí ìta kernel, á máa fún kọ̀ntẹ́nà ní `/proc/meminfo` mìíràn tó bá gbèdéke mu. Mo lò ó fúngbà díẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ẹrù kan sí i tí mo ní láti máa tọ́jú.

Namespace náà ní ìtàn orúkọ tirẹ̀, èyí sì le ju ti cgroup lọ. Al Viro ló mú àkọ́kọ́ wá ní 2002, Linux 2.4.19, kí process kan lè máa rí ètò fáìlì tó yàtọ̀ sí èyí tí èkejì ń rí. Àmì tí prógíráàmù fi ń béèrè fún un ni `CLONE_NEWNS`: namespace tuntun, wọn ò sọ ti kí ni, torí òun nìkan ló wà láyé. Lẹ́yìn náà ni `CLONE_NEWUTS` dé fún orúkọ ẹ̀rọ, ti IPC bá a dé ní 2006. `CLONE_NEWPID` dé ní 2.6.24 kan náà tí cgroup wọlé. Òun ló ń jẹ́ kí process tó jẹ́ 4,817 níta máa rí ara rẹ̀ bíi nọ́ńbà 1. Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, ti aṣàmúlò (user) dé, èyí tí Eric Biederman bá jà títí tó fi pé ní Linux 3.8, ọdún 2013. Ti cgroup fúnra rẹ̀ dé ní 2016, ti aago ní 2020. Gbogbo wọn ló ń jẹ́ orúkọ ohun tí wọ́n ń bò, àfi àkọ́bí. Ẹni tó bá ń ka kóòdù fún ìgbà àkọ́kọ́ á rò pé NEWNS ló ni gbogbo ilé. Kò sì sẹ́ni tó lè yọ ọ́ mọ́, nítorí òfin àwọn tó ń ṣe Linux ni pé prógíráàmù tó ṣiṣẹ́ lánàá kò gbọ́dọ̀ tìtorí kernel tuntun bàjẹ́ lónìí. Orúkọ tó bá ti jáde lẹ́nu kernel, kò tún padà síbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìyípadà 2007 fi wú mi lórí. Kí nǹkan náà tó wọlé ni wọ́n ṣe é, nígbà tí kò tíì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Tó bá fi oṣù mélòó kan pẹ́ sí i, àwa náà ì bá máa kọ `/sys/fs/container` sínú ìwé wa títí dòní, a ó sì máa ṣàlàyé fún ọmọ iṣẹ́ pé ohun tó ń jẹ́ container yìí kò kó nǹkan kan sínú o.

Mo gbọ́dọ̀ fi ọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń ṣe FreeBSD, ètò mìíràn tó jọ Linux, níbí. Poul-Henning Kamp ṣe tirẹ̀ ní 2000, ó pè é ní jail, ẹ̀wọ̀n. Ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó ní láti béèrè ohun tí ẹ̀wọ̀n ń ṣe. Chroot, tó ń yí ibi tí process ń rí bíi gbòǹgbò ètò fáìlì padà, ti wà ṣáájú rẹ̀ láti 1979, àwọn èèyàn sì ti ń fi ṣe ẹ̀wọ̀n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ fún bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ root, ìyẹn aláṣẹ ẹ̀rọ, nínú chroot mọ ọ̀nà tó máa gbà jáde. Kamp rí ohun tí wọ́n ń fi chroot wá, ó kọ́ ọ, ó sì sọ ọ́ lórúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ rere kò ní kí ìṣètò dára. cgroup àkọ́kọ́, èyí tí a wá ń pè ní v1 báyìí, fún èèyàn lómìnira jù. Bí igi ni wọ́n ń to agbo, ọmọ lábẹ́ òbí, iye igi tó bá wù ọ́ lo sì lè gbìn: igi kan fún mẹ́mórì, òmíràn fún CPU, òmíràn fún dísíìkì, process kan náà sì lè wà lórí ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn. Lórí ìwé, ó dùn. Ẹ̀dà tí mo ń ṣe lóru ló fi ibi tó kù sí hàn mí.

Lálaalẹ́ ni sáfà ń ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ sórí dísíìkì kejì. Dísíìkì àtijọ́ tó ń yí ni, kò yára. Àwọn olùkọ́ sì wà tó jẹ́ pé òru, nígbà tí dátà kò wọ́n, ni wọ́n máa ń tẹ èsì ìdánwò sínú rẹ̀. Wọ́n á máa ké pé ó ń fà. Mo ní ìyẹn kò tó nǹkan. Mo fi ẹ̀dà ṣíṣe sínú cgroup tirẹ̀, mo kọ òdiwọ̀n sínú `blkio.throttle.write_bps_device` pé kò gbọ́dọ̀ kọ ju 5MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Dísíìkì ṣì ń pariwo, olùkọ́ ṣì ń ké. Mo tún fáìlì náà kà, 5242880 ló wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ ọ́. Òdiwọ̀n wà níbẹ̀, kò kàn di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ni.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Tí prógíráàmù bá kọ nǹkan, kì í sábà dé dísíìkì lójú ẹsẹ̀. Mẹ́mórì ló kọ́kọ́ ń wọ̀. Tó bá yá, òṣìṣẹ́ kernel kan tí wọ́n ń pè ní flusher á wá kó o dà sórí dísíìkì. Nígbà tí òdiwọ̀n dísíìkì bá béèrè pé ta ló ń kọ, flusher ló ń dáhùn, flusher kò sì sí nínú agbo tí mo ṣe. Kí kernel tó lè mọ ẹni tó ni ẹrù yẹn, ó ní láti lọ wo ìwé mẹ́mórì, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ olówó wà. Ṣùgbọ́n igi mẹ́mórì ọ̀tọ̀, igi dísíìkì ọ̀tọ̀; agbo tó wà lórí ìkan lè má sí lórí ìkejì. Òmìnira tí wọ́n fún wa ló sọ àwọn òdiwọ̀n náà di àjèjì síra wọn.

Tejun Heo ló kó gbogbo rẹ̀ dànù tó tún un kọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é, Linux 4.5 ti oṣù kẹta 2016 ni cgroup v2 sì di ohun tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà fún gbogbo ayé. Igi kan ṣoṣo. Process kan, agbo kan, gbogbo òdiwọ̀n níbẹ̀. Flusher wá mọ olówó. Kò pa v1 rẹ́, torí òfin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan; ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọ́ tuntun sí.

Àwọn tó ń ka ìwé v2 máa ń sáré kọjá ibi tí wọ́n ti sọ àwọn fáìlì lórúkọ. Lójú tèmi, iṣẹ́ ọwọ́ gidi wà níbẹ̀. Ní v1, ẹni tó bá mú òdiwọ̀n wá ló ń sọ ọ́ lórúkọ bó ṣe wù ú: `memory.limit_in_bytes`, `cpu.cfs_quota_us`, `blkio.throttle` báyìí báyìí. Ìpín CPU bẹ̀rẹ̀ láti 1024, ti dísíìkì láti 500, má bi mí ní ìdí. Ní v2, ohun tí o kò gbọ́dọ̀ kọjá ni `max`, ibi yòówù kó wà: `memory.max`, `cpu.max`, `io.max`, `pids.max`. Ìpín ni `weight`, láti 1 dé 10000, 100 sì ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀kan ti mọ èkejì. `memory.high` sì wá wà láàárín, tó jẹ́ pé tí agbo bá kọjá rẹ̀, kernel kì í pa á. Á dín ìrìn rẹ̀ kù, á sì máa gba mẹ́mórì padà lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nílò láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ìṣirò pẹ́ díẹ̀, bàbá akápò á fara dà á. Kó ṣubú ni kò lè fara dà.

Òfin kan wà nínú v2 tó bí mi nínú fún ìgbà pípẹ́. Láti dá agbo sílẹ̀ kò le, `mkdir` lásán ni lábẹ́ `/sys/fs/cgroup`, àwọn fáìlì òdiwọ̀n á sì hù sínú rẹ̀ fúnra wọn. Mo dá agbo kan sílẹ̀, mo kó process sínú rẹ̀, mo dá àwọn ọmọ sí abẹ́ rẹ̀, mo wá kọ `+memory` sínú `cgroup.subtree_control` kí àwọn ọmọ lè gba ìpín. Ó ní, Device or resource busy. Mo tún un tẹ̀. Ìdáhùn kan náà. Òfin náà ni pé agbo tó bá ń pín nǹkan fún ọmọ kò gbọ́dọ̀ ní process tirẹ̀ nínú, àfi gbòǹgbò pátápátá. Ó dà bí agídí. Àfi ìgbà tí mo jókòó tí mo béèrè lọ́wọ́ ara mi pé: tí process tó wà lọ́dọ̀ òbí àti agbo tó jẹ́ ọmọ bá ń du CPU kan náà, ta ló kéré, ta ló jù? Kò sí ìdáhùn tí kì í ṣe àdábọwọ́. Ní v1, olúkúlùkù òdiwọ̀n ló dá a dáhùn bó ṣe rí i, ìdáhùn wọn kò sì bára mu. Tejun kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè náà, ó ní kó má ṣẹlẹ̀ rárá. Mo ti gbà fún un.

Nígbà tí mo kó sáfà bọ́ sórí v2, ọmọ iṣẹ́ mi ló ń sọ àwọn agbo lórúkọ. Orúkọ oníbàárà ló fi sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ìjọ ọ̀tọ̀, ilé-ìwé ọ̀tọ̀, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀. Mo ní rárá. "Àǹtí, ṣebí àwọn ló ni ín?" Mo ní àwọn ló ni ín lóòótọ́, àmọ́ kí ni à ń ká lọ́wọ́ kò? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ìṣirò tí èèyàn jókòó dè lójúmọmọ, ó sì ní ẹ̀dà tí kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ lóru. Tí méjèèjì bá wà nínú agbo kan, ohun tí a bá fi dí ẹ̀dà lọ́wọ́ ló máa dí ìṣirò náà lọ́wọ́. A wá ṣe agbo méjì lókè, `ojumomo` àti `oru`, àwọn oníbàárà wá wà lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. `ojumomo` ní `cpu.weight` 800, `oru` wà lórí 100 tí a bá a, ó sì ní `io.max`. Ọmọ náà rojú. Ó ní tí oníbàárà kan bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wa, ibi méjì la ó ti máa wá nǹkan rẹ̀ kó. Òótọ́ ló sọ. A ṣì ń san owó yẹn, ó sàn fún mi ju igbe àwọn olùkọ́ lọ.

Docker, ọ̀kan nínú àwọn prógíráàmù òkè kernel tó ń so àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀, dé ní 2013. Solomon Hykes ló fi í han ayé ní oṣù kẹta ọdún yẹn, orí LXC, irú prógíráàmù bẹ́ẹ̀ tó ti wà láti 2008, ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e kà. Ó sọ ohun tó le di ìrọ̀rùn, èmi náà sì ń lò ó. Orúkọ tí àwọn tó ń ṣe kernel ti fi sílẹ̀ ní 2007 ló gbé padà wá, orúkọ náà sì tà ju gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Mi ò bínú sí i. Ohun tó ń dùn mí ni ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń béèrè látìgbà náà: ṣé kọ̀ntẹ́nà ní ààbò? Kò sí ohun tí mo lè fi dáhùn. Èyí tí o bá fún ní `--privileged`, tí o jẹ́ kó máa lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà, tí o kò sì kọ gbèdéke kankan fún, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí prógíráàmù tó dúró sí gbangba, kọ̀ntẹ́nà ni wọ́n sì máa pè é. Mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí n ka ohun tó bò àti ohun tó díwọ̀n fún wọn. Púpọ̀ nínú wọn kì í ní sùúrù rẹ̀. Èmi fúnra mi, tí nǹkan bá kú, n kì í wọ inú lọ tẹ `free` mọ́. Ìta ni mo máa ń dúró sí, mo ń ka `memory.events` agbo náà. Tí nọ́ńbà tó wà níwájú `oom_kill` bá ti sún, mo ti mọ ẹni tó pa á.

Sáfà ilé-ìwé kan ní Ọ̀kà ṣì wà lórí v1. Èmi ni mo gbé e kalẹ̀, orúkọ fáìlì àtijọ́ ló sì kún inú ìlànà tí mo kọ fún un. Nínú àwọn oríṣi Linux, Fedora ti sọ v2 di ti gbogbo gbòò láti 2019, Debian láti 2021. Systemd 256 tó jáde ní 2024, prógíráàmù tó ń gbé Linux dìde, kì í fẹ́ gbéra lórí v1 mọ́ àfi tí o bá fipá mú un. Tí mo bá fi Linux tuntun síbẹ̀ láìṣe nǹkan mìíràn, gbogbo gbèdéke tí mo ti kọ ló máa di òfo lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí n jẹ́ kí wọ́n tẹ èsì sáà yìí jáde tán ná, mo ní ó dáa, mà. Ọmọ iṣẹ́ mi ti ń kọ orúkọ àtijọ́ àti tuntun síwájú ara wọn nínú ìwé kan: `memory.limit_in_bytes` di `memory.max`, `cpu.shares` di `cpu.weight`. Mo fi bírò yí èyí tó kẹ́yìn ká fún un. 1024 ti v1 ló bá 100 ti v2 mu, irinṣẹ́ àtijọ́ kan sì wà tó máa ń sọ 1024 di 39. Kó fọwọ́ ṣírò rẹ̀, kó má fi sílẹ̀ fún irinṣẹ́.